Kí ló dé tí ìmúdójúìwọ̀n ẹ̀rọ géèmù fi máa ń bí wa nínú tó báyìí?

Atẹpáàdì béèrè pé:

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ fi lọ̀ yín, mo sì fẹ́ kí ẹ dá mi lóhùn láìfi ohunkóhun bò. Ẹ̀rọ géèmù mi dá gba ìmúdójúìwọ̀n ńlá kan (ìyẹn update, sọ́fítíwíà tuntun tó ń rọ́pò ti tẹ́lẹ̀) ní òru nígbà tí mo fi í sílẹ̀ ní ipò ìsinmi, nígbà tí mo sì tàn án lọ́jọ́ kejì, àfi bí ẹni pé ẹ̀rọ ẹlòmíràn ni wọ́n gbé síwájú mi. Àwọn géèmù mi tó máa ń tò sí iwájú gan-an ti sún sí ìsàlẹ̀, orúkọ àwọn ọ̀rẹ́ mi tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ti kó sí abẹ́ ibòmíràn tí ènìyàn gbọ́dọ̀ ṣí kó tó rí wọn, ìpolówó géèmù tí n kò béèrè fún sì gba gbogbo ìlà òkè. Èyí tó dùn mí jù ni ti ọwọ́ mi. Àtàǹpàkò mi ti mọ ọ̀nà tẹ́lẹ̀: mo lè tẹ ìsàlẹ̀, kí n tẹ ọ̀tún, kí n sì wọ inú géèmù láìwo ojú tẹlifíṣọ̀n rárá. Ní báyìí, bọ́tìnnì kan náà ló ń gbé mi lọ sí ilé ìtajà, bí mo bá sì ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, yóò máa béèrè bóyá mo fẹ́ rajà.

Mo ti ka ohun tí àwọn agbágéèmù ẹlẹgbẹ́ mi ń kọ nípa rẹ̀. Àwọn kan ní kò tíì sí èyí tó burú tó báyìí rí, àwọn kan ní ó yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àwọn mìíràn sì ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí a ṣe máa ń pariwo nìyẹn, tí a ó sì gbàgbé kí oṣù kan tó pé. Ohun méjì ni mo fẹ́ mọ̀. Ṣé òótọ́ ni pé ìbínú wa kò ju pé nǹkan tuntun kò tíì mọ́ wa lára lọ, àbí ìgbà kan ti wà rí tí àwọn agbágéèmù bínú sí ìmúdójúìwọ̀n tí ìbínú wọn sì tọ́? Ǹjẹ́ ọ̀nà sì wà tí mo lè fi dá ẹ̀rọ mi padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀?

Ìyá_Agbágéèmù dáhùn pé:

Atẹpáàdì, ẹ kú ìrọ́jú. Láti ayé Xbox 360, ẹ̀rọ géèmù Microsoft, ni mo ti wà nídìí géèmù, ariwo tí ẹ ń gbọ́ yìí kò sì ṣàjèjì sí mi. Nígbà tí ẹ̀rọ yẹn jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2005, ojú rẹ̀ jẹ́ àwọn pátákó tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń yọ láti ẹ̀gbẹ́ kan bọ́ sí èkejì, tí gbogbo wa ń pè ní Blades, a sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé kò fi nǹkan pamọ́ fúnni. Ní ọjọ́ 19 oṣù kọkànlá ọdún 2008 ni Microsoft ká gbogbo rẹ̀ kúrò nílẹ̀, wọ́n sì fi New Xbox Experience rọ́pò rẹ̀, pẹ̀lú àwọn Avatar, ìyẹn àwọn ọmọláńgidi tí kálukú máa yan irun àti aṣọ fún. Ẹ̀sùn tó kọ́kọ́ jáde ni pé Mii, ìyẹn irú ọmọláńgidi bẹ́ẹ̀ tó wà lórí ẹ̀rọ Nintendo Wii, tó ti wà láti ọdún 2006, ni wọ́n wò ṣe é, àti pé eré ọmọdé ni wọ́n fẹ́ sọ ẹ̀rọ àwọn àgbà dà. Ẹ kò ní gbàgbọ́ bí àwọn ọkùnrin onírùngbọ̀n ṣe ń fi ìbínú ṣàròyé nípa irun orí ọmọláńgidi.

Ṣùgbọ́n inú ìmúdójúìwọ̀n yẹn kan náà ni ohun méjì wà tí ẹnikẹ́ni kò jẹ́ jọ̀wọ́ lẹ́yìn náà. Èkíní ni Party, níbi tí ènìyàn mẹ́jọ ti lè jọ máa sọ̀rọ̀ bí géèmù tí kálukú ń gbá tilẹ̀ yàtọ̀ síra. Èkejì ni pé a lè da ohun tó wà nínú díìsìkì géèmù sórí hard drive, ìyẹn ibi ìpamọ́ ti ẹ̀rọ náà. Ẹ̀rọ náà ṣì máa ń fẹ́ kí díìsìkì wà nínú rẹ̀ láti fi mọ̀ pé tiwa ni géèmù náà, ṣùgbọ́n kò ní máa yí i kíríkírí mọ́ ní gbogbo ìgbà tí a bá ń gbá a, nítorí náà ariwo hòò tí àwọn Xbox 360 àkọ́kọ́ máa ń pa lọ sílẹ̀ gan-an. Ẹni tó bá ti fi ẹ̀rọ yẹn gbá géèmù lóru nígbà tí àwọn ará ilé ń sùn ló mọ oore tí wọ́n ṣe fún wa. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ Blades di ohun tí a kàn ń fi ṣe ìrántí, kò sì sí ẹni tó ní kí wọ́n gba Party lọ́wọ́ òun.

Ti ìpolówó ni n kò ní bá ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ní oṣù kejìlá ọdún 2011, wọ́n tún yí ojú ẹ̀rọ náà padà sí àwọn àpótí ńláńlá, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ṣàkíyèsí pé àyè tí ìpolówó gbà lójú rẹ̀ kò kéré. Àwọn tó ń san owó Xbox Live Gold kí wọ́n lè bá ẹlòmíràn gbá géèmù lórí íntánẹ́ẹ̀tì béèrè pé kí ni wọ́n ń sanwó fún tí wọ́n bá tún gbọ́dọ̀ máa wo ọjà ọlọ́jà. Ìbéèrè yẹn kò kú títí di òní, n kò sì fẹ́ kó kú. Bí wọ́n bá sún àga mi láti igun kan sí òmíràn nínú yàrá, mo lè kùn kí n sì jókòó. Bí wọ́n bá wá gbé pátákó ìpolówó kalẹ̀ síbi tí àga wà tẹ́lẹ̀, ìyẹn ti di ọ̀ràn mìíràn.

Bọ́tìnnì_Òsì dáhùn pé:

Ẹ fún ọwọ́ yín ní ọ̀sẹ̀ méjì, yóò kọ́ ọ̀nà tuntun. Ìlà òkè tí ẹ ń sọ yẹn kò yọ mí lẹ́nu, nítorí pé bí mo bá ti tan ẹ̀rọ, inú géèmù ni mò ń lọ tààrà. Èmi kì í jókòó wo ojú àkọ́kọ́ ẹ̀rọ bí ẹni ń wo sinimá.

Onísọ́fítíwíà dáhùn pé:

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún Bọ́tìnnì_Òsì, ìbéèrè tí Atẹpáàdì béèrè ju ti ọ̀nà tí ọwọ́ ń gbà lọ. Ó béèrè bóyá ìgbà kan wà tí ìbínú àwọn agbágéèmù tọ́, ìdáhùn mi sì ni pé bẹ́ẹ̀ ni: ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2010.

Nígbà tí PlayStation 3, ẹ̀rọ géèmù Sony, jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2006, ohun kan wà nínú rẹ̀ tí kò wọ́pọ̀ lára ẹ̀rọ géèmù. Wọ́n ń pè é ní Other OS, ẹni tó bá ra ẹ̀rọ náà sì lè fi í gbé Linux, ìyẹn sọ́fítíwíà tó ń darí kọ̀ǹpútà, sórí rẹ̀, kó sì sọ ọ́ di kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà gidi. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi kọ́ iṣẹ́ ìṣètò kọ̀ǹpútà, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì sì ń so ọ̀pọ̀ rẹ̀ pọ̀ láti fi ṣe ìṣirò ńlá, nítorí pé ó rọ̀ wọ́n lọ́rùn ju kọ̀ǹpútà tí agbára wọn jọra lọ. Àwọn ọmọ ogun òfuurufú Amẹ́ríkà tilẹ̀ so PlayStation 3 tó lé ní 1,700 pọ̀ láti fi ṣe kọ̀ǹpútà alágbára kan tí wọ́n pè ní Condor Cluster.

Ní oṣù kìíní ọdún 2010, George Hotz, ọ̀dọ́kùnrin ará Amẹ́ríkà kan tó mọ bí a ṣe ń já ààbò ẹ̀rọ, kéde pé òun ti rí ọ̀nà gba ibi ààbò ẹ̀rọ náà kọjá, ti Other OS yìí ló sì gbà. Kò pẹ́ sígbà náà, ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin tí mo wí yẹn, tí Sony fi gbé ìmúdójúìwọ̀n 3.21 jáde. Kò fi ohun tuntun kankan tí a lè fojú rí kún ẹ̀rọ; iṣẹ́ tó wá ṣe ni pé kó yọ Other OS kúrò, ìdí tí wọ́n sì sọ fún wa ni ọ̀rọ̀ ààbò. Ọjọ́ tí àwọn ènìyàn fi ń fi irọ́ dá ara wọn lára yá ni ọjọ́ yẹn bọ́ sí, àmọ́ eléyìí kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Wọ́n ní kò pọn dandan kí ènìyàn gbà á, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí ẹni tó bá kọ̀ ọ́ máa pàdánù: kò ní lè wọ PlayStation Network, ìkànnì Sony lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mọ́, kò ní lè bá ẹlòmíràn gbá géèmù lórí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́, kò sì ní lè lo àwọn géèmù àti fíìmù Blu-ray tuntun tó bá ń béèrè fún sọ́fítíwíà náà. Ọ̀kan ṣoṣo ló lè mú nínú ohun méjì tó ti san owó wọn pọ̀, ó sì ti gbé ẹ̀rọ náà délé kí wọ́n tó sọ fún un pé ó gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ kí á wo bí ó ṣe parí, ẹ̀yin tó ń sọ pé oṣù kan ni ìbínú agbágéèmù máa ń pẹ́. Àwọn agbẹjọ́rò gbé Sony lọ sílé-ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà lórúkọ gbogbo àwọn tó ra irú ẹ̀rọ náà, ẹjọ́ náà sì falẹ̀ títí di ọdún 2018, nígbà tí Sony gbà láti san mílíọ̀nù 3.75 dọ́là láti fi parí rẹ̀ láìgbà pé àwọn jẹ̀bi. Ní ti ààbò tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é, ọdún 2010 yẹn kò tíì parí nígbà tí ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ fail0verflow dúró níwájú àwọn ènìyàn ní ìlú Berlin tí wọ́n sì fi hàn pé gbogbo ìlẹ̀kùn PlayStation 3 ti ṣí sílẹ̀. Àlàyé wọn ni pé fún ọdún mẹ́ta tí Linux fi wà lórí rẹ̀, àwọn tó ní ọgbọ́n irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò rí ìdí tí wọ́n fi máa fọ́ ọ, nítorí pé ohun tí wọ́n ń wá ti wà lọ́wọ́ wọn.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ya ìbínú méjì yìí sọ́tọ̀. Bí wọ́n bá gbé nǹkan rẹ láti ibì kan lọ sí ibòmíràn, wàá rí i. Bí wọ́n bá mú un lọ, o kò ní rí i mọ́, bó ti wù kí o fún ọwọ́ rẹ ní ọ̀sẹ̀ tó.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ dáhùn pé:

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn, ìyẹn ti dídá ẹ̀rọ padà. Kò sí ọ̀nà tó bófin mu, àwọn tó ṣe é ló sì fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Nínú chip Xbox 360, àwọn fíúsì tín-ín-tìn-ìn-tín kan wà tí wọ́n ń pè ní eFuse. Àwọn ìmúdójúìwọ̀n kan máa ń jó ọ̀kan nínú wọn nígbà tí wọ́n bá ń wọlé, fíúsì tó bá sì ti jó kò ṣeé tún ṣe láéláé. Nígbàkigbà tí ẹ bá tan ẹ̀rọ, yóò ka iye tó ti jó, bí sọ́fítíwíà tó wà nínú rẹ̀ bá jẹ́ ti ìgbà tí iye náà ṣì kéré, kò ní tàn. Nintendo Switch náà ń lo irú ọgbọ́n kan náà. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é ni pé tí a bá rí àbùkù ààbò nínú sọ́fítíwíà àtijọ́ tí wọ́n sì ti dí i nínú ti tuntun, ẹnikẹ́ni kò ní lè padà sẹ́yìn lọ gba ojú ihò náà wọlé. Àwa tí a kàn fẹ́ kí àwọn géèmù wa padà síbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n jọ dì pọ̀ mọ́ ọn.

Nítorí pé kò sí àbọ̀ ni mo ṣe máa ń gba àwọn ènìyàn nímọ̀ràn pé kí wọ́n má ṣe gba ìmúdójúìwọ̀n ńlá lọ́jọ́ tó bá jáde. Ní ọjọ́ kejì oṣù keje ọdún 2008, Sony gbé 2.40 jáde fún PlayStation 3. Àwọn agbágéèmù ti ń retí rẹ̀ gan-an, nítorí pé inú rẹ̀ ni àwọn Trophy, ìyẹn àmì ẹ̀yẹ fún ohun tí ènìyàn bá ṣe nínú géèmù, ti kọ́kọ́ dé, òun ló sì jẹ́ kí ènìyàn lè ṣí ojú àkọ́kọ́ ẹ̀rọ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ jáde kúrò nínú géèmù. Àmọ́ ẹ̀rọ àwọn kan kọ̀ láti tàn lẹ́yìn tí wọ́n gbà á. Sony fà á sẹ́yìn kíákíá, wọ́n sì fi 2.41 rọ́pò rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ohun tó jọ ọ́ tún ṣẹlẹ̀ sí 4.45 ní oṣù kẹfà ọdún 2013. Ẹni tó bá lè mú sùúrù fún ọjọ́ díẹ̀ yóò gbọ́ ohun tó ṣe àwọn aláìnísùúrù. Bí ẹ bá sì máa gbà á, ẹ kọ́kọ́ da gbogbo ibi tí ẹ gbá géèmù yín dé sí orí ìkùukùu (ìyẹn ibi ìpamọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì) tàbí sórí ohun ìpamọ́ mìíràn tí ẹ̀rọ yín bá fàyè gbà, kí ẹ sì rí i pé iná kò ní lọ lójijì nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ lọ́wọ́.

Aláìsùn dáhùn pé:

Gbogbo ohun tí ẹ ń sọ ni mo gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ ti sọ ọ́ bí ẹni pé ìpalára nìkan ni ìmúdójúìwọ̀n máa ń mú wá. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021 nìkan, méjì ló dé tí inú àwọn agbágéèmù dùn sí. PlayStation 5 ti jáde láti oṣù kọkànlá ọdún 2020 pẹ̀lú ihò kan nínú rẹ̀ fún SSD irú M.2, ìyẹn ohun ìpamọ́ kékeré kan tí a lè fi kún àyè ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n sọ́fítíwíà kò tíì jẹ́ kí ihò náà ṣiṣẹ́. Àyè 825GB ni wọ́n kọ sí ara ẹ̀rọ, nígbà tí ohun tó ṣẹ́ kù fún géèmù kò ju nǹkan bíi 667GB lọ, géèmù ńláńlá mélòó kan ló sì máa kún un. Ìmúdójúìwọ̀n oṣù yẹn ló ṣí ihò náà, tí àwọn ènìyàn fi bọ́ lọ́wọ́ pípa géèmù kan rẹ́ kí wọ́n tó lè gba òmíràn. Ní oṣù kan náà ni Nintendo Switch gba 13.0.0, tó jẹ́ kí a lè fi íápíìsì Bluetooth gbọ́ ohùn géèmù. Ìdùnnú ti ìyẹn ní ìkùnsínú díẹ̀ nínú, nítorí pé Switch ti wà lọ́jà láti ọjọ́ kẹta oṣù kẹta ọdún 2017, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì béèrè ohun tó dá wọn dúró tó bẹ́ẹ̀. Ó tún ní ààlà: páàdì aláìní-wáyà tó lè ṣiṣẹ́ pọ̀ pẹ̀lú íápíìsì náà kò ju méjì lọ, a kò sì lè lo gbohùngbohùn ara rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ kò rí ẹni tó ní kí wọ́n mú un padà.

Ohun mìíràn tí mo fẹ́ fà yọ ni pé ìbínú máa ń so èso bó bá débi tó yẹ kó tètè dé. Nígbà tí Microsoft bẹ̀rẹ̀ sí í dán ojú àkọ́kọ́ tuntun wò fún Xbox ní ọdún 2022, ọwọ́ àwọn Insider, ìyẹn àwọn agbágéèmù tó yọ̀ǹda láti máa dán nǹkan wò kó tó dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn, ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e lé. Àwọn wọ̀nyí ní àwọn àpótí orí rẹ̀ ti pọ̀ jù, kò sì jẹ́ kí àwòrán ẹ̀yìn tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ yàn hàn mọ́. Wọ́n padà lọ tún un ṣe, èyí tó sì jáde fún gbogbo wa ní oṣù keje ọdún 2023 ti fi àyè sílẹ̀ fún àwòrán. Kì í ṣe gbogbo ohun tí a béèrè ni wọ́n ṣe, mo gbà, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí a dúró di ọjọ́ tó bá jáde ká tó máa sunkún.

Atẹpáàdì dáhùn pé:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti wá rí i pé ìbínú méjì ni mo kó pọ̀ sójú kan. Ti àwọn géèmù tó sún sí ìsàlẹ̀, mo ti gbà fún Bọ́tìnnì_Òsì. Ti ìlà òkè tó di ti ọlọ́jà, n kò gbà rárá, mo sì ti kọ̀wé sí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà lórí rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ìbéèrè kan ló kù: bí mo bá sọ fún ẹ̀rọ mi pé kó má ṣe dá gba ìmúdójúìwọ̀n mọ́, ṣé àwọn géèmù inú rẹ̀ yóò ṣì máa gba àtúnṣe tiwọn?

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ dáhùn pé:

Ó dá lé irú ẹ̀rọ tó bá jẹ́. Lórí PlayStation 5, ti ẹ̀rọ wà lọ́tọ̀ nínú Settings, ti géèmù náà sì wà lọ́tọ̀, nítorí náà ẹ lè pa èkíní kí ẹ sì fi èkejì sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni lórí Xbox, níbi tí méjèèjì jọ wà lójú ewé kan ṣùgbọ́n tí kálukú ní àpótí tirẹ̀ láti máàkì. Lórí Switch, ohun tí ẹ lè pa ni ti géèmù. Ti ẹ̀rọ máa ń wálẹ̀ fúnra rẹ̀, àmọ́ yóò dúró kí ẹ fọwọ́ sí i kó tó wọlé. Kí ẹ má sì retí pé ẹ lè fi í falẹ̀ títí, nítorí pé ní ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì láti bá àwọn ọ̀rẹ́ yín gbá géèmù, ẹ̀rọ lè ní kí ẹ kọ́kọ́ gba èyí tuntun ná.